Ilé Ojúlé Mẹ́rin

Ojúlé mẹ́rin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi, kí ó tó di ọkọ mi rárá. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ mi, wọ́n á ní ìyá àwọn tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Èmi ni mo wà níbẹ̀, wọn ò tíì sí láyé.

Ọdún 1955 ni. Savalou ni à ń gbé, èmi Thècle àti bàbá mi, Damien, ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní katikísìmù ní mísọ̀n. Ọmọ Pira ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Savalou débi pé Mahi ló fi ń nájà, Faransé ló fi ń bá àwọn fadá sọ̀rọ̀. Bí inú bá wá bí i, Ìṣà tí wọ́n ń sọ lápá Bantè lọ́hùn-ún ni yóò máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí èmi bá ti gbọ́ Ìṣà, mo ti mọ̀ pé kí n yáa gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí n wá ibi jókòó sí.

Ilé tí mísọ̀n fún wa gbé kì í ṣe irú ilé gbogbo èèyàn. Bí o bá wọlé, ọ̀nà tóóró kan ló wà láàrin, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀. Yàrá kan wà fún àlejò, òun ni bàbá mi ń pè ní sàlọ́ọ̀. Yàrá kan wà tí a kì í ṣe ohunkóhun nínú rẹ̀ ju ká jẹun lọ. Ìyá mi ti kú láti kékeré mi, nítorí náà àwa méjì péré là ń ti gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn. Bàbá mi á wọ yàrá rẹ̀, á tì í. Èmi náà á wọ tèmi. Ìró ilẹ̀kùn ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá mi ti jí. Ó ń ká mi lára gan-an, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ibẹ̀ ni Évariste ti bá wa. Olùkọ́ ni, ọmọ Bantè, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Savalou. Ó wá kí bàbá mi lọ́jọ́ kan, ó tún padà wá, nígbà tó yá a ò bi í mọ́ pé kí ló bá wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé bí ó bá ń ṣe àwàdà, òun fúnra rẹ̀ á ti rẹ́rìn-ín kó tó parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ilé wa ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú kí ó tó kan èmi. Á ṣí ilẹ̀kùn kan, á tì í, á tún un ṣí.

"Thècle," ló bi mí lọ́jọ́ kan, "bí o bá ti èyí, ẹni tó wà níta ò lè rí ọ?"

"Ṣé kò sí ilẹ̀kùn ní Bantè ni?"

"Ó wà. A kì í tì í ni."

Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, bàbá mi fọwọ́ sí i, àwọn èèyàn Évariste náà wá, ọ̀rọ̀ ìyàwó bọ́ sójú ọ̀nà. Évariste gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé òun lọ sí Bantè lẹ́yìn ìsinmi ńlá, ó sì pinnu pé òun á kọ́lé tiwa sí ẹ̀gbẹ́ àgbàlá ìyá òun, irú ti mísọ̀n gan-an. Kò sọ fún mi. Ó fẹ́ kí n kàn débẹ̀ lọ́jọ́ kan kí n lanu sílẹ̀.

Ẹni tó fi iṣẹ́ rán sí Bantè ni Houlératou, obìnrin tó ń ra gàrí ní Savalou lọ tà ní Bantè, tó sì ń kó iṣu bọ̀. Gàrí, iṣu àti ìròyìn ló ń tà, ìròyìn nìkan ni kì í gbowó lé. Évariste ní kí ó bá òun sọ fún Soulé, mọlémọlé tí gbogbo Bantè fọkàn tán, pé kí ó kọ́ ojúlé mẹ́rin fún òun.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Ilẹ̀kùn ni Évariste ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti pẹ́ nílé ẹ̀kọ́ òyìnbó, tó ń fi Faransé rò kó tó fi Ìṣà sọ, Ìṣà rẹ̀ ti dípẹtà díẹ̀. Ní Bantè, bí wọ́n bá ní ilé ọkùnrin kan ní ojúlé mẹ́rin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pákó àti ìṣó. Ìyàwó mẹ́rin ni wọ́n ń wí. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ni ojúlé tirẹ̀, ààrò tirẹ̀ a sì wà níwájú ojúlé náà. Soulé ò béèrè nǹkan kan. Mùsùlùmí ni, mẹ́rin ò ṣàjèjì létí rẹ̀. Ó ta okùn, ó kan èèkàn, ó gbé ilé dìde, ojúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí àgbàlá. Èèyàn rere sì ni, ó tún mọ ààrò mẹ́rin síwájú wọn, ó ní ẹ̀bùn ìgbéyàwó tòun nìyẹn.

Houlératou rí ààrò mẹ́rin náà, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó kọ́kọ́ ń bọ̀ ní Savalou. Kò tilẹ̀ dúró ra iṣu.

"Bàbá Damien, ẹ kú oríire o," ló wí kí ó tó jókòó. "Àna yín ń kọ́lé ojúlé mẹ́rin. Ààrò mẹ́rin! Ojú ara mi ni mo fi kà á."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Ìṣà. Ó ránṣẹ́ pe Évariste, ó mú un wọ sàlọ́ọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi dúró lọ́nà tóóró, mo fi etí lẹ pákó. Àwọn àgbà ní ògiri létí. Ilẹ̀kùn mísọ̀n náà létí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ di díẹ̀. Ohun tí mo rí gbọ́ nìyí.

"Ṣé òótọ́ ni pé ojúlé mẹ́rin lò ń kọ́ sí Bantè?"

"Òótọ́ ni, Bàbá." Inú rẹ̀ ń dùn, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. "Ẹ ti gbọ́ ná? Mo fẹ́ kí ó ya Thècle lẹ́nu ni."

"Yóò yà á lẹ́nu."

"Ẹ wò ó, Bàbá, ọ̀kan ṣoṣo ò tó mọ́ láyé òde òní. Bí àlejò bá dé ńkọ́? Bí ọ̀kan bá sú èèyàn, á bọ́ sí òmíràn."

Mo gbọ́ tí bàbá mi wúkọ́.

"Ọ̀dọ̀ yín náà ni mo ti kọ́ ọ," ni Évariste wí.

Mo gbọ́ ìró àga tó ṣubú. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, bàbá mi na ọwọ́ sí ìta, kò lè sọ̀rọ̀, Ìṣà gan-an ti tán lẹ́nu rẹ̀. Évariste jáde pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣàdédé gbá létí. Ó ní, "Thècle, kí ni mo ṣe?" Èmi tí inú ń bí, ṣé mo dá a lóhùn? Mo wọ yàrá mi, mo gbá ilẹ̀kùn náà dé gbàà. Bàbá mi wọ tirẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn dí wa láàrin, kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì ní nǹkan kan. Ọjà Savalou ná, ó tún ná, ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀.

Mo sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún kì í pẹ́ lójú mi, ìbínú ló máa ń gba ipò rẹ̀. Mo lọ kan ilẹ̀kùn bàbá mi. Mo ní mò ń lọ sí Bantè lọ fi ojú ara mi rí ilé yẹn, kí n sì bá ìyá rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú mi. Bàbá mi dá mi lóhùn láti inú yàrá, ó ní kí n máa lọ.

Orí àpò gàrí ni èmi àti Houlératou jókòó sí nínú ọkọ̀ akẹ́rù náà. Eruku pupa bò wá. Ó ń fi ọkàn rere tù mí nínú ní gbogbo ọ̀nà.

"Má sunkún mọ́. Ṣebí ìwọ ni ìyáálé? Ojúlé tó kángun sí ìdí igi máńgòrò ni kí o mú. Òòrùn kì í débẹ̀ lọ́sàn-án."

Ọlọ́run ló mọ ohun tí kò jẹ́ kí n tì í lulẹ̀.

Ìyá Gouka là ń pe ìyá Évariste, torí láti Gouka ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá. Bí mo ṣe wọ àgbàlá rẹ̀, mo dúró. Yàrá yí àgbàlá ká, aṣọ ni wọ́n ta sí ẹnu wọn dípò ilẹ̀kùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan na láti ìkángun dé ìkángun, kò ní ògiri níwájú. Ẹnì kan ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ẹnì kan ń di irun ọmọ, bàbá arúgbó kan ń sùn lórí ẹní láàrin gbogbo ariwo náà. Angèle, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Évariste, ń bẹ iṣu. Kò sí ẹni tó bi mí pé ta ni mò ń wá. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ bù fún mi.

Mo kúnlẹ̀, mo kí Ìyá Gouka. Ìkíni gùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé ìbínú mi. Mo wá ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibo la ti lè sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀?"

Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìkọ̀kọ̀? Ibi tí a ní nìyí, ọmọ mi. Máa wí."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí. Mo ní ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, ó sì fẹ́ fi mí ṣe ọ̀kan nínú wọn, ó tún lọ ń fi yangàn níwájú bàbá mi. N ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí fi dáwọ́ dúró.

"Ìyàwó mẹ́rin?" ni Angèle wí. "Évariste? Évariste tí kò lè kí obìnrin kan kí ọ̀rọ̀ má há a lọ́nà ọ̀fun?"

Ohùn kan wá láti orí ilé tó ń lọ lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá. Soulé ni, ó jókòó sórí ògiri pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́. "Kì í ṣe èmi o! Òun ló ní ojúlé mẹ́rin! Ojúlé tí kò ní obìnrin nínú, kí là ń fi ṣe?"

Mo yíjú sí Houlératou. "Kí ló sọ fún yín gan-an?"

"Ojúlé mẹ́rin. Ohun tó rán mi ni mo jẹ́."

"Níbo ló dúró sí nígbà tó ń sọ ọ́?"

"Nílé yín náà ni. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í, bó ṣe máa ń ṣe."

Mo fọwọ́ lérí. "Ilẹ̀kùn! Yéè! Ilẹ̀kùn ló fẹ́ wí!"

Ẹ̀rín bú ní gbogbo àgbàlá. Bàbá arúgbó jí, wọ́n sọ ọ́ fún un, òun náà rín in. Soulé ò rẹ́rìn-ín, ó ń wo ààrò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ tí ilẹ̀kùn Savalou gbé pamọ́ láti ìgbà yẹn, Angèle ò tíì bẹ iṣu kan tán tó fi tú. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́.

"Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi ilẹ̀kùn mẹ́rin ṣe?" ni Ìyá Gouka bi mí.

Mo ṣàlàyé ilé wa fún un. Mo ní yàrá kan wà fún àlejò, yàrá kan sì wà tí à ń jẹun nínú rẹ̀.

"Ẹ á wọlé lọ jẹun? Ẹ á sì ti ilẹ̀kùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kí lẹ̀ ń jẹ tí a ò gbọdọ̀ rí?"

Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀, èmi náà ń rín in, omi ń dà lójú mi. Ìjà ni mo bá wá, àmọ́ nígbà tí wọ́n fi ọmọ kan lé mi lẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì ní kí n bá wọn ṣẹ́ ẹ̀gúsí, inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo sọ fún ara mi pé ibí ni mo fẹ́ máa gbé. N ò fẹ́ ti ilẹ̀kùn kankan mọ́ láyé mi.

Bí a ṣe wà nínú ìyẹn ni Évariste dé lórí kẹ̀kẹ́. Ó ti lọ sílé wa, bàbá mi ti dá a lóhùn láti inú yàrá pé mo ti lọ sí Bantè, ó sì gun kẹ̀kẹ́ láti Savalou dé ibẹ̀. Eruku ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di pupa. Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

"Thècle, mo bẹ̀ ọ́. Kí ni mo ṣe?"

Gbogbo wa la jọ ń ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wo ilé náà, ó wo ààrò mẹ́rin. Ó rántí ohun tó sọ fún bàbá mi ní sàlọ́ọ̀, ó bo ojú rẹ̀. "Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ katikísìmù!"

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò bá wa rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Ọmọ mi," ló wí, "kí ló dé tí o fi fẹ́ máa ti ara rẹ mọ́lé? Ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Évariste jókòó sílẹ̀. "Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Ìyá. Mi ò tíì dá wà rí ni. Láti kékeré, bí mo bá ṣí ìwé, ẹnì kan á ní kí n gbé ọmọ, ẹnì kan á wá jókòó tì mí kó máa bi mí ohun tí mò ń kà. Mo fẹ́ràn gbogbo yín. Mo kàn fẹ́ kí ibì kan wà tí mo lè wọ̀ díẹ̀ kí n sì tún jáde."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún mi?"

"Níbo ni mo fẹ́ ti sọ ọ́, Ìyá? Gbogbo ilé ló máa gbọ́."

Ẹ̀rín tán. Èmi tó jẹ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó pé nǹkan kan ò lè fara pamọ́ nínú ilé tó ṣí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó ti dákẹ́ láàrin ariwo yìí láti kékeré, bí èmi náà ṣe dákẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tèmi.

Ìyá Gouka fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká. "Ó dáa," ló wí. "Gbogbo ilé ti gbọ́ báyìí."

Àmọ́ kò ì tán. Mo ní èmi ò ní gbé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mẹ́rin, mo ti gbé ìyẹn rí. Évariste ní òun ò lè gbé ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, òun náà ti gbé ìyẹn rí. Ìjà wa àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya nìyẹn, kí a tó ṣègbéyàwó, níwájú gbogbo ilé, oníkálukú sì ń dá sí i. Àwọn kan wà lẹ́yìn mi, bàbá arúgbó wà lẹ́yìn Évariste, ó ní òun náà ì bá fẹ́ sùn.

"Ẹ pinnu o," ni Soulé kígbe láti orí ògiri, "amọ̀ ń gbẹ!"

Ìyá Gouka ló là wá. Ó ní kí Soulé wó ògiri iwájú mẹ́ta, kí ó sọ ibẹ̀ di ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣí sí àgbàlá. Kí ìkẹrin ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn gidi, pẹ̀lú ìdábùú tí èèyàn lè fi tì í láti inú. Ó ní òun ò mọ ohun tí èèyàn ń wá nínú yàrá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ òun bá ní òun fẹ́ ẹ, kí wọ́n ṣe é fún un. Soulé tú ààrò mẹ́ta ká, ojú rẹ̀ korò títí di ìrọ̀lẹ́.

A padà sí Savalou lọ bá bàbá mi. Nígbà tí ó mú wa wọ sàlọ́ọ̀, èmi ni mo kẹ́yìn wọlé, n ò sì ti ilẹ̀kùn. Ó wò ó, ó wò mí, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Évariste ṣàlàyé títí, òógùn bò ó. Bàbá mi ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun á lọ kà á fúnra òun.

Ó lọ lóòótọ́. Ó wọ àgbàlá Bantè pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀, ó kọjá lára gbogbo ẹni tó ń kí i, ó lọ dúró níwájú ilé wa. Ó na ìka. "Ààrò kan," ló wí. Ó yí ilé náà po bóyá a fi òmíràn pamọ́ sẹ́yìn. Kò sí. Ló bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn, bàbá arúgbó jókòó tì í, wọ́n ń fi Ìṣà sọ ìtàn Pira. Bàbá mi ń sọ Ìṣà láìbínú. N ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ní lọ́la lòun ń lọ, ilẹ̀ mọ́, ó tún ní lọ́la, títí mísọ̀n fi ránṣẹ́ pè é.

A ṣègbéyàwó, a kó wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ilé kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, Évariste na ara rẹ̀, ó ní òun ń wọ yàrá òun lọ kàwé. Inú mi dùn fún un. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn síwájú, kò ṣí. Ó tún fi èjìká tì í. Wọ́n ti fi ìdábùú dè é nínú.

Ó kàn án. Gbogbo wa ti kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀, Angèle pẹ̀lú ọ̀bẹ iṣu lọ́wọ́.

"Ta nìyẹn?" Ìyá Gouka ni.

"Èmi ni, Ìyá. Ìwé mi wà nínú ibẹ̀."

"Ó wà. Mo rí i."

A dúró. Kò ṣílẹ̀kùn.

"Ìyá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, ọmọ mi." Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wá láti Gouka, mi ò tíì dá dùbúlẹ̀ rí. Mi ò mọ̀ pé báyìí ló ṣe ń rí. O jàre."

Évariste fọwọ́ lé ilẹ̀kùn náà, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Angèle fi ọwọ́ ṣe àmì sí wa pé ká lọ, ká fi ìyá sílẹ̀ kó sinmi. A ti ń yọ́ lọ nígbà tí ohùn náà tún wá láti inú yàrá.

"Ẹ má lọ jìnnà o. Mo fẹ́ máa gbọ́ yín."

Ni Évariste bá jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Angèle, ó sì bá wa bẹ iṣu.